Ilé Ta Ni Òṣìṣẹ́ Ìlera Yóò Yà Lónìí?

Lára férémù ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yewa, yálà ní Òkè-Ọ̀dàn, ní Ajílété tàbí láwọn abúlé oko tó wà lẹ́yìn wọn, àmì ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n. Nọ́ńbà ilé ni, pẹ̀lú ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ àjẹsára wá àti iye ọmọ tí wọ́n kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí lẹ́nu. Òjò ti fọ òmíràn, onílé ti fi ọ̀dà kun òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó wà fún. Àmì kékeré yẹn ń sọ pé ẹnìkan wá, ó sọ ilé tó yà, ó sì sọ iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó sì mọ̀ bóyá wọ́n ti fo ilé kan. Nítorí ẹ̀kán oògùn méjì ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo ìyẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan lè wà nínú ilé kan náà tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì tirẹ̀, àfàìmọ̀ sì ni kó má jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan rárá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Ìtọ́jú ojúlé, ìyẹn ni pé kí òṣìṣẹ́ ìlera máa tọ ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lọ sílé, kì í sábà forí ṣánpọ́n nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ kò láàánú tàbí pé wọn ò mọṣẹ́. Ohun tó ń pa á ni pé ìwé mẹ́ta tó yẹ kó máa rìn pọ̀ kò mọ ara wọn. Ìwé àwọn òṣìṣẹ́ wà ní ọ́fíìsì: orúkọ, ipò, owó oṣù. Ìwé àwọn aláìsàn wà lórí tábìlì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ẹni tó bá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀ nìkan ni orúkọ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Ìwé owó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìṣirò, kì í sì í sọ pé kí ènìyàn dé abúlé báyìí kó sì padà, iye báyìí ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó fẹ́ pinnu ilé tí òṣìṣẹ́ yóò yà lọ́la gbọ́dọ̀ wo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá rí wọn pa pọ̀, ilé tó wà létí títì ni yóò rán an lọ. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó sún mọ́ ilé ìwòsàn fi ń rí òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí ẹni tó wà lẹ́yìn odò kò rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun lórílẹ̀-èdè wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, ó kó ètò ìlera alábọ́ọ́dé lọ sọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé àárín àwọn ará ìlú ni kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí gbogbo ayé ń pè ní CHEW, tí wọ́n kọ́ láti máa jáde lọ sí ojúlé dípò kí wọ́n jókòó de aláìsàn. Ní 1992 ni wọ́n dá àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé jákèjádò orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 tún sọ pé ó kéré tán, kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ máa lọ sí ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ní 2018, ìjọba tún gbé ètò CHIPS kalẹ̀, tó ń yan àwọn obìnrin láàárín ìlú kí wọ́n máa wọ ilé kan bọ́ sí ìkejì. Ètò kún ilẹ̀, òfin ò sì wọ́n. Ohun tó wọ́n ni ìwé pélébé kan tí òṣìṣẹ́ lè mú dání láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó máa sọ fún un pé: ilé méje rèé, bó o ṣe máa tò wọ́n rèé, ohun tí o máa ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan rèé, owó ọkọ̀ rẹ rèé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ká ní wọ́ọ̀dù kan ní òṣìṣẹ́ méjì tó lè fi ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè wọ ilé márùn-ún lóòjọ́ láìkánjú. Ìbẹ̀wò 160 nìyẹn nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ká wá wo àwọn tó ń retí wọn. Aboyún 24, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ọmọ tuntun mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí wọn, bí àjọ ìlera àgbáyé ṣe dábàá ní 2009: ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru 60, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹni mẹ́sàn-án tó wà lórí ẹní, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ 12 tó ti fo àjẹsára, ẹ̀ẹ̀kan. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìbẹ̀wò 150 ni. Ó wọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi wọ̀. Bí ibà bá dá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan péré, 160 ti di 140, ó sì di dandan kí ìbẹ̀wò mẹ́wàá kéré tán má wáyé. Àwọn wo ni? Bí ìwé bá wà, ẹni tó ń ṣe ètò yóò sún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí ara wọn ti balẹ̀ sí oṣù tó ń bọ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìwé kò bá sí, òjò ló máa yàn, tàbí ẹni tó bá mọ ilé nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ pé irú àkọsílẹ̀ báyìí ń gba ẹ̀mí là wà nínú ìtàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣẹ́ àjẹsára fi ń wọ ojúlé káàkiri Nàìjíríà, tí àrùn náà kò sì kúrò lápá òkè ọya. Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ yà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, abúlé tí ẹni tó yà á kò bá sì mọ̀ kì í sí níbẹ̀, bí kò bá sì sí níbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa lọ. Láti nǹkan bí 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run ṣe àkójọ àwọn abúlé. Wọ́n rí àwọn ibùdó tí kò tíì sí lórí ìwé rí. Wọ́n tún fún àwọn oníṣẹ́ ní fóònù tó ń fi ibi tí wọ́n dé hàn, kí wọ́n lè mọ ibi tó kù lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú kòkòrò àrùn náà tí wọ́n ń pè ní "wild poliovirus" ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò di ẹ̀dá mìíràn. Àwọn ìdí mìíràn wà, lára wọn ni owó àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ọba àti àwọn àáfáà, ṣùgbọ́n láìsí àkójọ abúlé tó pé, gbogbo ìyẹn ì bá máa tún àwọn ilé kan náà wọ̀ ni.

Ní ẹkùn tiwa, iṣẹ́ ìwé yìí tún ṣòro ju bó ṣe rí níbòmíràn lọ. Ìlà ẹnubodè àárín àwa àti ilẹ̀ Benin, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889, la àárín ẹbí kọjá. Ọ̀pọ̀ ará Òkè-Ọ̀dàn ló ní ẹbí ní Ìfọ̀nyìn, ní Ṣakété, ní Pọ̀bẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n sì ń lo oṣù níbẹ̀ bí iṣẹ́ oko, ìṣòwò tàbí ọjọ́ ìnáwó bá gbé wọn lọ. Aláìsàn tó wà nílé ní oṣù kẹta lè ti wà ní òdì kejì ẹnubodè ní oṣù karùn-ún, kó gba oògùn mìíràn lọ́hùn-ún pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fi Faransé kọ, kó padà dé kí nọ́ọ̀sì má mọ ohun tó ń lò. Orúkọ náà kò rọrùn. Ìyá kan lè jẹ́ Ìyá Ìbejì ládùúgbò, kó jẹ́ Àlàbá orúkọ ọkọ ní ilé ìwòsàn, kó tún jẹ́ orúkọ mìíràn lórí káàdì ìdìbò. Bí ìwé kò bá kọ orúkọ tí àwọn ará ilé ń pè é, orúkọ baálé, àti ibi tí ó ń lọ bí kò bá sí nílé, òṣìṣẹ́ tuntun tó bá gba iṣẹ́ náà yóò kàn máa rìn káàkiri ni. Ọjọ́ ọjà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣètò ìbẹ̀wò sí ọjọ́ ọjà, ilẹ̀kùn títì ló máa bá. Gbogbo èyí ni òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù mọ̀ sórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí Ìdógò tàbí tó bá fẹ̀yìn tì, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ.

A kò sì tíì ka ènìyàn ní Nàìjíríà láti 2006. Àwọn tó ń ṣètò owó fún wọ́ọ̀dù ṣì ń fi iye tí wọ́n rí nígbà náà ṣe ìdíwọ̀n ni, wọ́n kàn ń fi ìṣirò ìbísí kún un lọ́dọọdún. Ìyẹn ni pé ìwé tí òṣìṣẹ́ ìlera bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ojúlé dé ojúlé lè jẹ́ iye ènìyàn tó tuntun jù lọ tí ìjọba ìbílẹ̀ ní. Ó dùn mí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀, níbi tó bá wà, ń gbó sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti owó, èyí tí a kì í fẹ́ sọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà ní gbangba títí di oṣù kẹrin 2022. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, lítà kan sì fò láti nǹkan bíi ₦190 sí iye tó ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin ni owó ọ̀kadà yí padà lọ́nà tí kò sí ìwé ìṣirò tó retí rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ìlà kankan nínú ètò ìnáwó ilé ìwòsàn tó jẹ́ ti owó ìbẹ̀wò, àpò òṣìṣẹ́ ni owó náà ti ń jáde, àpò òṣìṣẹ́ sì ní ibi tó lè dé mọ. Bó bá lọ sí oko jíjìn lẹ́ẹ̀kan, kò ní lọ lẹ́ẹ̀kejì, a ò sì lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ iye owó ọkọ̀ sí abúlé kọ̀ọ̀kan, tí a sì mọ àwọn tó wà ní ìhà kan náà, ọ̀kadà kan láàárọ̀ lè kó ilé márùn-ún pọ̀ lójú ọ̀nà kan. Owó tí à bá fi ya ilé kan yóò wá ya márùn-ún. Ìṣirò lásán ni, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ìwé aláìsàn àti ìwé owó jókòó sórí tábìlì kan.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ òkè òkun, pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣètò ìtọ́jú bíi ti ilé iṣẹ́. Mi ò gbà. Ní Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró ní 1954 tí àwọn aláìsàn ọpọlọ fi ń gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí kan tó bá wọn wá. Ẹ rò ó wò: ta ló ń gbé ilé ta, ta ló san owó ilé, ọjọ́ wo ni aláìsàn yóò lọ gba ìtọ́jú, ta ni ẹbí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ètò yẹn kò lè dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo láìsí àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́, ti aláìsàn àti ti owó. Ó sì dín owó kù ju kí wọ́n kó gbogbo wọn sínú wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láàárín 1956 sí 1961, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì gbé káàdì ìdàgbàsókè ọmọ lé ìyá fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá nílé. Káàdì náà ti wá di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Àwọn tó rò pé ìyá tí kò kàwé kò lè tọ́jú ìwé, àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ló dá wọn lóhùn.

Ní òkè òkun, àwọn ọmọ wa tó ń ṣe kíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú ojúlé, ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà mọ ojú kejì ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2016 sọ pé kí ẹ̀rọ máa gba nǹkan mẹ́fà sílẹ̀ nínú ìbẹ̀wò tí ìjọba ń sanwó rẹ̀: irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ṣe é, ọjọ́, ibi, àti àkókò tó bẹ̀rẹ̀ àti tó parí. Ó dára kí owó ìjọba má baà lọ sí ìbẹ̀wò tí kò wáyé. Ṣùgbọ́n àwọn aláàbọ̀ ara figbe ta pé ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ wọn kiri nínú ilé ara wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbẹ̀wò ìṣẹ́jú 15 di ẹjọ́ tí gbogbo ìlú ń sọ, títí tí àjọ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú fi sọ ní 2015 pé kò yẹ kí ìbẹ̀wò sábà kéré sí ìdajì wákàtí. Ẹ̀rí wà níbẹ̀ lòdì sí ohun tí mò ń sọ, mi ò sì fẹ́ fò ó dá: bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àti owó nìkan ni ìwé ń kà, ìwé lè sọ ìtọ́jú di eré sísá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé náà máa ka ohun tí aláìsàn nílò ṣáájú, kí àkókò tẹ̀ lé e, kí owó wá gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì ka àkókò tí òṣìṣẹ́ lò lójú ọ̀nà mọ́ iṣẹ́. Aago ìbẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n fi ń gé owó oṣù.

Àtakò tó lágbára jù, lójú tèmi, ni ti àṣírí. Ní ìlú kékeré, bí ìwé kan bá kọ orúkọ ẹni tó ní ikọ́ ife tàbí kòkòrò HIV, tí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò, ayé onítọ̀hún lè bàjẹ́ kó tó di ọjọ́ kejì. Òfin Ààbò Ìsọfúnni tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Ó tọ́. Ṣùgbọ́n kí a má kọ ìwé kọ́ ni ìdáhùn. Ìwé tí òṣìṣẹ́ ń gbé jáde kò gbọ́dọ̀ ní ju nọ́ńbà ilé, orúkọ tí wọ́n ń pè é àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Orúkọ àìsàn yóò wà nínú ìwé kejì tí a tì mọ́lé nílé ìwòsàn, tí nọ́ńbà yóò so mọ́ ti àkọ́kọ́, aláìsàn yóò sì ní káàdì tirẹ̀ lọ́wọ́, bíi ti àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé. Èyí kò béèrè kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba àwáwí iná mànàmáná. Fóònù yóò wúlò, ó sì dára bí ó bá wà, ṣùgbọ́n ìwé ńlá mẹ́ta, rúlà àti bírò ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń sọ pé ọmọ ló ń tọ́jú òbí nílẹ̀ wa, pé kí ìjọba má da ara rẹ̀ láàmú. Ọmọ ń tọ́jú òbí lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ náà sì wà ní Èkó, ní Kútọnu, ní Birmingham, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù láìmọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wọn láti ọdún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà ló ń gbé e dìde, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń fún un ní oògùn bó ṣe rántí. Irú ọmọ yẹn nílò kí ẹnìkan wá fi bó ṣe ń yí aláìsàn padà hàn án kí egbò má baà jẹ ìdí rẹ̀, kí ó sì mọ ọjọ́ tí ẹni náà yóò tún wá. Ẹbí ni ó yẹ kí ìwé ìtọ́jú kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bí ẹni tí kò sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága àti káńsẹ́lọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù Òkè-Ọ̀dàn, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò tó ilé ìwòsàn tuntun. Ẹ fi oṣù kan kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò lè dá rìn dé ilé ìwòsàn, àti ti ẹbí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè owó ọkọ̀ lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan ní oṣù òjò àti ní oṣù ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fi í sí ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ ní ìlà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ọ̀gá ilé ìwòsàn máa lẹ ètò ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé nìkan, kí ìgbìmọ̀ lè máa kà á. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yóò lọ bí owó ọ̀kadà bá wà, tí wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n ń lọ.